Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń Dájọ́ Eré Àwọn Ọ̀dọ́

 

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn Hausa tí mo dàgbà sí àárín wọn ní Kàdúná náà ní òwe tó jọ ọ́: "gani ya kori ji", èyíinì ni pé ohun tí ojú rí a máa lé ohun tí etí gbọ́ lọ. Mo ti mọ òwe méjèèjì kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí. Síbẹ̀, ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, òdìkejì wọn ni mo ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ẹni tó máa ń ṣáájú àwọn oníjó wa, lọ fún ọ́díṣọ̀n ètò Big Brother Naija. Wọn kò mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́, a ní ọmọlúàbí kì í lọ síbẹ̀, a sì ní kò gbọdọ̀ ṣáájú oníjó wa mọ́ ní Ọjọ́ Àṣà. Èmi gan-an dìde, mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí a sọ tiwa tán, arábìnrin náà béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin ará, ta ló ti wò ó rí nínú yín?" Ọwọ́ mẹ́ta péré ló gòkè. Tèmi kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ a kò yí ìdájọ́ wa padà.

Kí ni ètò náà?

Ilẹ̀ Netherlands ni ètò Big Brother ti bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Inú ìwé kan tí George Orwell tẹ̀ jáde ní 1949 ni orúkọ náà ti wá: aláṣẹ tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹnikẹ́ni. Ti Nàìjíríà kọ́kọ́ wáyé ní 2006, kò sì padà dé títí di 2017. Ẹni tó ti pé ọdún 21, ó kéré tán, ni wọ́n ń gbà. Àwọn tí wọ́n bá mú yóò jọ gbé inú ilé kan láìsí fóònù, kámẹ́rà yóò sì máa wò wọ́n tọ̀sán-tòru. Ìbò àwọn òǹwòran ló sábà máa ń pinnu ẹni tí yóò ṣẹ́kù.

Ebuka Obi-Uchendu, ẹni tó kàwé òfin, wọ ilé náà ní 2006. Òun náà ló di olóòtú ètò ní 2017. Laycon, tó gba ipò kìíní ní 2020, kàwé fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Èkó.

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí

Lẹ́yìn ìpàdé náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ètò náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rí ohun tí a ń bú: ọtí níbi àríyá alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èébú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní gbangba. N kò ní fẹ́ kí àbúrò mi kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n mo tún rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Gbogbo ilé a máa fi apá kan owó oúnjẹ wọn ta tẹ́tẹ́ lórí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Bí wọn kò bá ṣe é dáadáa, oúnjẹ á dín kù. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀lẹ, mo rí akínkanjú, mo sì rí ẹni tó mọ bí a ti í pẹ̀tù síjà.

Ó ti pẹ́ tí irú ìdájọ́ yìí ti wà. Nígbà tí Hubert Ogunde fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ fún eré orí ìtàgé ní àwọn ọdún 1940, aláìníṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ka òṣèré sí. Àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣe é. Ogunde fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà tú. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń yangàn.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà dájọ́

Èkíní: Bi ẹni tó sọ fún ọ bóyá ó rí i, tàbí wọ́n sọ fún òun náà ni.

Èkejì: Ya "n kò ní wò ó" sọ́tọ̀ kúrò lára "kò dára". Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni wo ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wò ó, kí ó má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀kẹta: Ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn. Bí eré bá tilẹ̀ burú, ìyẹn kò sọ ẹni tó fẹ́ ṣe é di ènìyàn burúkú.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ó dìgbà tí a bá tọ́ májèlé wò kí a tó mọ̀ pé ó ń pani? Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè é ní májèlé gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ẹni tó pa. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, a kò lè tọ́ka sí ohunkóhun.

Àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa tí a kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó dá a ńkọ́?

Mo ti lọ bẹ arábìnrin náà. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò bá wa jó ní Ọjọ́ Àṣà, gbogbo wa la sì rí bí ijó náà ṣe rí. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ nínú sáà tó ń bọ̀, n ó dábàá pé kí a dá ipò rẹ̀ padà fún un. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó dìde kí ó sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni kí ó sọ.