Ní Kingston, Ẹ Kọ́kọ́ Lọ Sétí Omi

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá dé Kingston, ní Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, òkè Fort Henry ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gùn. Odi náà tó wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rọ̀ yín kí ẹ fi í sí ìkẹyìn. Etí omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí omi ló fa gbogbo ilé àti odi olókùúta ìlú yìí. Níbẹ̀ ni adágún Ontario ti di odò Saint Lawrence, níbẹ̀ náà ni odò Cataraqui ti wá pàdé wọn. Ẹni tó bá di oríta omi yìí mú, ọ̀nà òwò àti ọ̀nà ogun ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Frontenac, gómìnà àwọn Faransé, fi wá bá àwọn olórí Haudenosaunee, àwọn ọmọ onílẹ̀, ṣèpàdé níbẹ̀ lọ́dún 1673, tó sì kọ́ odi síbẹ̀ kó tó lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́dún 1758. Àwókù rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá Ontario Street, ògiri òkúta tí kò ga, tí mọ́tò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè ní kò sí ohun wíwò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó wà gan-an ni kí ẹ wò.

Ẹ wá rìn lọ sí Confederation Park, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn ìlú. Ilé ìṣọ́ roboto kan dá dúró sínú omi lọ́ọ̀ọ́kán: Shoal Tower nìyẹn. Ìbẹ̀rù Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀ láàárín ọdún 1840 sí 1849. Ìbẹ̀rù yìí kan náà, tí ogun 1812 láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ló mú àwọn Gẹ̀ẹ́sì la odò àfọwọ́là Rideau Canal, 202 kìlómítà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1832, kí ọkọ̀ ológun lè ti Ottawa dé Kingston láìgba ibi tí ìbọn Amẹ́ríkà ti lè bà á. Ẹnu ọ̀nà omi yìí ni Fort Henry tòní, tí wọ́n kọ́ láti 1832 sí 1837, ń ṣọ́. Abájọ tí UNESCO fi ka odò àfọwọ́là náà àtàwọn odi tó ń ṣọ́ ọ sí ogún kan ṣoṣo lọ́dún 2007.

Àwọn kan á sọ pé iná tó jó àárín ìlú lọ́dún 1840 ló sọ ọ́ di ìlú olókùúta. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òkúta ẹfun sì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wọn. Àmọ́ iná kọ́ ló ní kí ìlú kékeré kọ́ irú gbọ̀ngàn bàǹtàbanta tó wà lẹ́yìn yín yẹn. Kingston di olú ìlú Kánádà ìgbà náà lọ́dún 1841. Lórí ìrètí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí ni wọ́n fi dáwọ́ lé e, kí ìjọba tó kó lọ sí Montreal lọ́dún 1844.

Bí àyè bá wà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Wolfe Island. Wọn kì í gbowó. Tó bá ti rìn díẹ̀, ẹ bojú wẹ̀yìn: gbọ̀ngàn, ilé ìṣọ́ àti odi, gbogbo wọn ló kọjú sómi.