Àwọn Ọdẹ Aláàfin Abípa: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Ó Ń Lo Tẹlifóònù

Ìlú Ìgbòho ní Òkè-Ògùn, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oòrelópè, ti fi ìgbà kan jẹ́ ibùjókòó àwọn Aláàfin. Nígbà tí ogun Tápà lé àwọn Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ni wọ́n tẹ̀dó sí níkẹyìn. Àlùfáà Samuel Johnson, tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé Aláàfin mẹ́rin ni ó jọba níbẹ̀, àti pé Abípa ni ó kẹ́yìn wọn. Títí di òní ni a ń fi Igbó Ọba han àlejò ní Ìgbòho, níbi tí a sin àwọn Aláàfin sí.

Ìtàn kan wà nípa Abípa yìí tí ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ó ní tẹlifóònù lọ́wọ́ lóde òní mọ̀. Ó ti tó nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ọba náà pinnu láti kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè rẹ̀ kò fẹ́, nítorí pé ara ti tù wọ́n ní Ìgbòho. Wọn kò bá ọba jiyàn lójú. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ìránṣẹ́ ọba ń lọ sí ibùdó àtijọ́ náà láti rúbọ, wọ́n yan àwọn ènìyàn tí ìrísí wọn ṣàjèjì, wọ́n sì rán wọn lọ fara pa mọ́ sórí òkè ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn wọ̀nyí a máa gbé iná kiri, wọn a máa ké bí iwin, pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Jìnnìjìnnì mú àwọn ìránṣẹ́. Wọ́n sá padà wá sọ fún ọba pé iwin ti gba Ọ̀yọ́-Ilé.

Ẹnì kan tí ó mọ ìdí ọ̀ràn náà ta ọba lólobó. Abípa kò pariwo, kò sì yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ó rán ògbójú ọdẹ mẹ́fà lọ sórí òkè náà láti lọ wo ohun tí ń ké. Àwọn ọdẹ yí wọn ká, wọ́n mú wọn láàyè, wọ́n sì kó wọn wá fún ọba. Nígbà tí àwọn ìjòyè péjọ sí ààfin, àwọn "iwin" náà gan-an ni ọba ní kí wọ́n gbé ọtí fún àwọn tí ó rán wọn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba M'ọ́rọ̀, èyíinì ni ọba tí ó mú iwin. Ó sì kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé gẹ́gẹ́ bí ó ti pinnu.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ gba ohùn náà gbọ́, ọba rán ènìyàn lọ wo ẹni tí ó ni ohùn.

OHÙN TÍ KÒ NÍ OJÚ

Ní ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò nísinsìnyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Lónìí, ẹni tí ó ń ta èlùbọ́ tàbí iṣu ní Ọ̀kè-Ògùn lè gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó láìkúrò nídìí ọjà rẹ̀. Èrè ńlá ni èyí, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún di owó sínú àpò lọ sí ọ̀nà jíjìn kí olè má baà dá a lọ́nà.

Ṣùgbọ́n olè náà ti kúrò lójú ọ̀nà. Kì í fọ́ ilẹ̀kùn mọ́. Ohun tí ó ń wá ni pé kí onílé fúnra rẹ̀ ṣí i. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé ẹ̀rọ kọ́ ni ọ̀pọ̀ olè kọ́kọ́ ń kọlù bí kò ṣe ọkàn ènìyàn.

Kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ìyá kan ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Ọwọ́ rẹ̀ dí, àwọn oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, tẹlifóònù rẹ̀ sì dún. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù wí pé: "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Láti báńkì yín ni mo ti ń pè. Àkáùǹtì yín yóò tì lónìí nítorí pé BVN yín kò bá orúkọ yín mu. Ẹ má ṣe dààmú, a óò tún un ṣe nísinsìnyí." Ó pe orúkọ ìyá náà ní kíkún, ó sì ka nọ́ńbà ojú káàdì rẹ̀. Ọkàn ìyá balẹ̀, nítorí ó rò pé báńkì nìkan ni ó lè mọ nǹkan wọ̀nyí. Láìpẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Ọkùnrin náà ní: "Màmá, ẹ bá mi ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yára, kí ó má baà tì." Bí ìyá bá kà á, owó tí ó fi odindi ẹ̀ẹ̀rùn kó jọ lè lọ kí ó tó wọn kóńgò kan tán.

Báwo ni alejò ṣe mọ orúkọ àti nọ́ńbà káàdì? Orúkọ ẹni máa ń wà lórí rísíìtì owó tí a fi ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti di káàdì mú ti rí nọ́ńbà ojú rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, ó ti kọ nọ́ńbà káàdì náà síbi tí a ti ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báńkì fẹ́ mọ̀ bóyá olówó gan-an ni ó ń rajà, nítorí náà ó fi nọ́ńbà ìlò ẹ̀ẹ̀kan, tí àwọn ènìyàn ń pè ní OTP, ránṣẹ́ sí tẹlifóònù olówó. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ báńkì ni nọ́ńbà náà ti wá; irọ́ ni pé báńkì ni ó ń béèrè rẹ̀. Nípa nọ́ńbà yìí báńkì ń bi ìyá náà pé, "Ṣé ìwọ ni?" Bí ó bá kà á fún ẹlòmíràn, ó ti dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni."

Àwọn ẹlẹ́tàn wọ̀nyí a máa fara pa mọ́ sẹ́yìn àṣẹ tí ó jẹ́ òtítọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá nọ́ńbà BVN sílẹ̀ láti fi mọ olówó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ káàdì síìmù rẹ̀. Nítorí pé àwọn ènìyàn ti gbọ́ àṣẹ wọ̀nyí, kò ṣòro fún ẹlẹ́tàn láti wí pé òun ń pè nítorí wọn. Àwọn iwin Ọ̀yọ́-Ilé lo òkùnkùn àti igbe. Àwọn ti òde òní ń lo ìkánjú àti ìbẹ̀rù.

TA NI Ẹ̀BI YÓÒ WÀ LỌ́RÙN RẸ̀?

Àríyànjiyàn ńlá wà káàkiri ayé lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan ní ẹni tí ó sọ àṣírí rẹ̀ fún àjèjì ni kí ó ru ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn mìíràn ní báńkì àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń jèrè lórí ìṣòwò yìí, àwọn ni ó sì ní agbára láti dá olè dúró. Nítorí náà kò tọ́ kí a di gbogbo ẹrù lé orí ìyá elélùbọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti gbe apá kejì lẹ́yìn. Láti ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2024, báńkì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dá owó padà fún oníbàárà tí a tàn jẹ títí ó fi fi owó ránṣẹ́ sí olè láàárín orílẹ̀-èdè náà, títí dé 85,000 pọ́ùn, àfi bí ó bá jẹ́ pé àìbìkítà oníbàárà náà pọ̀ púpọ̀ tàbí pé òun pàápàá lọ́wọ́ nínú ẹ̀tàn náà.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì. Òfin mìíràn, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá gba ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn sọ́wọ́ gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé-iṣẹ́ Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí bí ó ṣe ń gba ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó sì ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ tako ìdájọ́ yìí, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ sí ìtanràn náà.

Èyí fi hàn pé bí ilé-iṣẹ́ ti wù kí ó tóbi tó, òfin ju ú lọ. Síbẹ̀, ìtanràn kì í wọ àpò ẹni tí a jí owó rẹ̀. Òfin ń bọ̀ lẹ́yìn. Olè ti lọ síwájú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

ỌDẸ MẸ́FÀ

Gẹ́gẹ́ bí Abípa ti rán ọdẹ mẹ́fà, ohun mẹ́fà wà tí olúkúlùkù lè ṣe.

Èkíní: Bí ẹnì kan bá pè pé báńkì ni òun, kí a pa ìpè náà, kí a sì fúnra wa pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì báńkì, tàbí kí a lọ sí báńkì. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ó hàn lójú tẹlifóònù, nítorí olè lè mú kí nọ́ńbà ẹlòmíràn hàn níbẹ̀.

Èkejì: Kí a má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí tàbí nọ́ńbà ìlò ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kò nílò rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá wà lọ́dọ̀ oní-POS, kí a fúnra wa tẹ nọ́ńbà náà, kí a sì fi ọwọ́ bò ó.

Ẹ̀kẹta: Bí ohùn ọmọ tàbí ìbátan ẹni bá pè láti orí nọ́ńbà àjèjì pé òun wà nínú ìjàǹbá, tí ó sì ń tọrọ owó, kí a pe nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, tàbí kí a béèrè ohun tí ará ilé nìkan mọ̀. Kọ̀ǹpútà ti lè sín ohùn ènìyàn jẹ ní àkókò yìí.

Ẹ̀kẹrin: Kí a fi nọ́ńbà àṣírí ti tẹlifóònù, kí a sì fi òmíràn ti káàdì síìmù. Olè tí ó jí tẹlifóònù lè yọ síìmù inú rẹ̀ sínú tẹlifóònù tirẹ̀, kí ó sì máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì olówó. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣe é lè lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí ó ta síìmù náà fún un.

Ẹ̀karùn-ún: Kí a má ṣe ka nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá gbà á lè wọ ibẹ̀ lórúkọ wa, kí ó sì máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. WhatsApp fi àyè sílẹ̀ láti fi nọ́ńbà àṣírí kejì kún un. Ó dára kí a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí a pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáùǹtì náà, kí a sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín owó tí a rí gbà padà àti èyí tí ó lọ.

Ọdẹ kẹfà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rán, nítorí ìtìjú. Ẹni tí a tàn jẹ a máa dákẹ́ kí ará ilé má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́; nígbà tí ó dákẹ́, olè kan náà a pe aládùúgbò rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ Abípa kì í ṣe òmùgọ̀. A fi ọgbọ́n tàn wọ́n ni. Bí ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀ràn náà bá sì ti dákẹ́, ọba kì bá tí rán ọdẹ kankan. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín. Òun ni ó ta ìlú lólobó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni Abípa ṣe tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe?
2. Kí ni ìdí tí báńkì fi ń fi nọ́ńbà ìlò ẹ̀ẹ̀kan ránṣẹ́ sí tẹlifóònù olówó?
3. Bí a bá tan oníbàárà jẹ, ṣé ó tọ́ kí báńkì dá owó rẹ̀ padà? Kí apá méjèèjì sọ ìdí wọn.
4. Àwọn wo nínú ilé yín ni kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́? Ta ni ẹ óò yàn láti máa bá wọn kà á, kí wọ́n má baà gbé tẹlifóònù fún àjèjì?