Ẹ Má Wulẹ̀ Sọ Pé Ó Dùn

Nígbà tí mo ṣì ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò yá àwọn ènìyàn, ọkùnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ Bruce Lee. Mo nawọ́ sórí pẹpẹ, mo fa kásẹ́ẹ̀tì kan yọ, mo gbowó, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé orí káńtà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ yìí fún mi dáadáa." Mo kà á. Bruce Li ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Bruce Lee kú ní oṣù keje ọdún 1973, àwọn Bruce Li, Bruce Le àti Dragon Lee kún ìgboro bí olú, wọ́n ń fi ojú òkú tajà fún ẹni tí kò bá ka orúkọ dé ìparí. Èmi tí mo ń ta á gan-an kò kà á dé ìparí. Ọkùnrin náà kò bínú nítorí owó. Ohun tó sọ ni pé òun ti ṣèlérí fún ọmọ òun, ọmọ náà sì ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí àwọn ènìyàn ń bi pé fíìmù ìjà wo ni kí àwọn wò lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìdáhùn yín. "Ó dùn gan-an ni!" "Iná ni!" "Ẹni tí kò bá wò ó ti pàdánù!" Ata pọ̀ níbẹ̀, ẹran ni kò sí. Ẹni tó bi yín máa ra dátà, ó máa jókòó fún wákàtí méjì, bóyá jẹnẹrétọ̀ ló tiẹ̀ máa tàn. Ẹ fún un ní nǹkan tó lè dì mú. Èmi kì í gba fíìmù lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi àfi tó bá lè sọ ìjà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fún mi: ta ló bá ta jà, ibo ni wọ́n ti jà, kí ló fà á, báwo ni ara àwọn méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀. Tí kò bá rí ẹyọ kan rántí, yálà oorun ló sùn tàbí fíìmù náà ló ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ong-Bak ṣe é fún yín. Ọdún 2003 ló jáde ní Thailand. Prachya Pinkaew ló darí rẹ̀, Panna Rittikrai ló to ìjà rẹ̀, Tony Jaa sì ni ákítọ̀. Ìtàn rẹ̀ kò kún ṣíbí: wọ́n gé orí ère Búdà abúlé kan gbé lọ sí Bangkok, ọmọ abúlé náà sì lépa rẹ̀ lọ. Àwa tí a mọ ohun tójú àwọn ère tiwa rí kò ní bi í pé kí ló ń gbóná lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìtàn júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí àwọn jàǹdùkú ti ń lé e láàárín ọjà ni mo máa ní kó wò. Ó fò gba inú òrùka wáyà ẹlẹ́gùn-ún kọjá. Ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì yọ̀ gba abẹ́ ọkọ̀. Wọn kò so okùn mọ́ ọn lára, kọ̀ǹpútà kò sì bá a ṣe é. Wọ́n tún máa ń padà fi ohun kan náà hàn láti ìhà mìíràn, bí ìyá aláṣọ tó ń yí ìró sí tibi tọ̀hún kí oníbàárà lè rí i pé kò lábùkù.

Ojú yín gbọ́dọ̀ kọ́ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà mọ irọ́ pa. Ẹni tí kò lè gbá ewúrẹ́ nípàá, wọ́n á gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀, wọ́n á gé àwòrán wẹ́wẹ́ bí ẹní ń rẹ́ ilá, wọ́n á wá fi ariwo gbì-gbà bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ pa ohùn rẹ̀. Ẹ pa á pátápátá, kí ẹ máa kà á lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta. Tí ẹ kò bá ka ẹ̀ta kí wọ́n tó tún gé e, ẹ fura. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè rí ojú ẹni tó ń jà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe òfin o. Àwọn ará Hong Kong máa ń gé e kíákíá, síbẹ̀ ẹ ó mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti wá àti ibi tó bà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi kíkà yìí kọ́ra, ó ṣòro kí wọ́n tó fi ariwo tàn án.

Tony Jaa kan náà ló ṣe Tom-Yum-Goong ní 2005. Ìtàn àwọn erin rẹ̀ tí wọ́n jí gbé lọ sí Sydney kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí. Àmọ́ ìjà kan wà níbẹ̀ tó ti ń gun àtẹ̀gùn ilé oúnjẹ lọ sókè, tó ń lu gbogbo ẹni tó bá dè é lọ́nà, ó sì tó bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọn kò gé àwòrán rárá. Nígbà tó bá fi máa débi gíga, ó ti ń rẹ̀ ẹ́, apá rẹ̀ kò yá bíi ti ìsàlẹ̀ mọ́. Àárẹ̀ yẹn ni mo máa ń sọ fún oníbàárà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Wàyí o, Ip Man. Ọdún 2008 ni, Wilson Yip ló darí rẹ̀, Sammo Hung ló to ìjà, Donnie Yen ló ṣe Ip Man. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó lu ènìyàn mẹ́wàá pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sọ ìyẹn nìkan fún mi, mo máa ń dá a padà sídìí tẹlifíṣàn. Lọ wo ìjà pálọ̀. Àlejò kan wọ ilé rẹ̀ wá dán an wò, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹrù ilé. Ọmọ rẹ̀ kékeré gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọlé, ó wá jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ pé tí bàbá kò bá tètè gbá a padà, gbogbo nǹkan inú ilé ni yóò run. Ẹ wo ọwọ́ bàbá náà níbẹ̀. Ó rọ̀. Ó ń fún àlejò láyè, àfi bíi bàbá tó ń bá ọmọ ṣeré lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ogun dé. Àwọn ará Jàpáánù gba Foshan, ebi wọ ìlú, wọ́n sì ní kí àwọn tó mọ ìjà wá jà gba àpò ìrẹsì. Ọ̀kan nínú àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ jà, wọ́n lù ú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣa ìrẹsì rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ìgbà yẹn ni Ip Man ní òun fẹ́ bá mẹ́wàá jà. Ìjà Wing Chun kan náà ni, apá kan náà ni, ṣùgbọ́n ní báyìí ó ń ṣẹ́ egungun, ó sì ń lu ẹni tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fi pálọ̀ yẹn wé gbọ̀ngàn tó ti bá mẹ́wàá jà á rí ọ̀fọ̀ nínú ìkúùkù. Ohun tí ẹ ó sọ nìyẹn, kì í ṣe iye ènìyàn tó lù.

Ẹ má sì ta á fún wọn bí ẹni pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ip Man tòótọ́ ṣe ọlọ́pàá rí ní Foshan. Ó kúrò lọ sí Hong Kong lẹ́yìn tí àwọn Kọ́múníìsì gbàjọba, ibẹ̀ ló ti kọ́ Bruce Lee, ó sì kú ní 1972. Ìjà òun àti ọ̀gágun Jàpáánù, àwọn oníṣẹ́ fíìmù ló hun ún. Ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá wá mọ̀ lẹ́yìn tó ti lọ fi jiyàn láàárín ẹgbẹ́, ẹ̀yin ló máa wá bá.

Kì í ṣe fíìmù tí mo fẹ́ràn jù ni mo máa ń júwe jù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni The Raid, ti 2011. Gareth Evans, ọmọ ilẹ̀ Wales, ló lọ ṣe é ní Indonéṣíà. Silat, ìjà ìbílẹ̀ wọn, ni wọ́n jà, Iko Uwais àti Yayan Ruhian sì wà lára àwọn tó to ìjà náà. Yayan yìí kò ga, kò sanra. Tó bá jókòó tì yín nínú dáńfó, ẹ kò ní sún fún un. Nínú fíìmù náà ó na ìbọn sí ọ̀gá ọlọ́pàá kan, ó wá gbé ìbọn sílẹ̀ torí ọwọ́ lásán ló wù ú láti fi pa á. Joe Taslim tó ṣe ọlọ́pàá ọ̀hún ti bá wọn gba júdò fún Indonéṣíà rí, ìdí nìyẹn tí ìgbéṣánlẹ̀ ibẹ̀ fi ń dun ènìyàn léegun. Ṣùgbọ́n ìyá tó ní kí n wá ohun tí òun àti àwọn ọmọ òun máa wò lọ́jọ́ Kérésì, ṣé àdá àti ẹ̀jẹ̀ ara ògiri ni kí n gbé fún un? Ẹ kọ́kọ́ bi í. Ta ni wọ́n jọ máa jókòó? Kí ló wò kẹ́yìn tó dùn mọ́ ọn? Fíìmù wo ló pa láàárín, tí kò lè wò parí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń tú àṣírí jù lọ. Àwọn ènìyàn kì í sábà mọ ohun tí wọ́n fẹ́, àmọ́ wọ́n mọ ohun tó lé wọn.

Fífò wà lára ohun tó ń lé ọ̀pọ̀. Mo gbé Crouching Tiger, Hidden Dragon, tí Ang Lee ṣe ní 2000, fún ẹnì kan, ó dá a padà, ó ní, "Ṣé ẹyẹ ni wọ́n ni?" Ẹ̀bi mi ni, n kò ṣàlàyé. Nínú irú ìtàn àwọn ará Ṣáínà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀ máa ń fúyẹ́ ni. Ẹni tó dàgbà sínú ìtàn ọdẹ tó ń lo egbé kò yẹ kó bá wọn jà lórí ìyẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ tààrà sí ibi tí Michelle Yeoh àti Zhang Ziyi ti pàdé: Yeoh mú ohun ìjà kan, idà Zhang gé e, ó mú òmíràn, ó tún gé e. Ijó ni Yeoh kọ́ kó tó di òṣèré ìjà, orúnkún rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fíìmù yìí. Òun náà ló gba Oscar ní 2023 fún Everything Everywhere All at Once, èyí tí mi ò ní júwe fún ẹni tí ìdàrúdàpọ̀ ń bí nínú.

Ti John Wick, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí ẹ sáà rántí pé Chad Stahelski tó darí rẹ̀ ni ó ń ṣe eré eléwu dípò Keanu Reeves nínú The Matrix. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú.

Ọ̀kan wà tí ẹ̀yin gan-an kì í dárúkọ: Besouro, láti Bùràsíìlì, ọdún 2009. Bahia ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òfin ṣì ka ìjà capoeira léèwọ̀. Ìtàn rẹ̀ fọ́n ká díẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Ṣùgbọ́n Èṣù wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òrìṣà mìíràn tí wọ́n gba orí omi dé ọ̀hún, wọ́n sì ń rìn láàárín àwọn ènìyàn. Kì í ṣe Èṣù tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé nínú fíìmù tiwa. Mo ní oníbàárà kan, Mùsùlùmí gidi, tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹsẹ̀ àwọn oníjà yẹn nìkan.

Lánàá, ìyá àgbà kan ládùúgbò wá bá mi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ràn ìjà, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín. Kung Fu Hustle tí Stephen Chow ṣe ní 2004 ló wá sí mi lẹ́nu: ìyá onílé tí igbe rẹ̀ ń fọ́ nǹkan, aránṣọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ọ̀gá ìjà ni. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ jáde ni mo rántí pé níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ aláàáké gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fi hàn tó? Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wò ó. Mo ní kí màmá fún mi di ọ̀la. Àwo náà ti wà nínú ẹ̀rọ. Iná ni mo ń dúró dè.