Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Ẹmu Kì Í Ṣe Ọtí? Ohun Tí Mo Rí Ní Ifọ̀, Ibafo àti Mowe

Ọ̀rọ̀ ẹmu ló délẹ̀ lónìí.

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ àti ọlọ́kadà lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, pàápàá ní Ibafo àti Mowe: "Ẹmu kì í ṣe ọtí jàre, omi igi ni." Àwọn ìyá náà ní tiwọn. Bí obìnrin bá bímọ tán, wọn á ní kó máa mu ẹmu kí omi ọmú rẹ̀ lè pọ̀. Omi igi ni ẹmu lóòótọ́, nígbà tó ṣì wà nínú igi. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rárá tó fi ń di nǹkan mìíràn, aago ló sì ń pinnu ohun tó dà. Èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kà fún oyè másítà, ọ̀rọ̀ ẹmu sì wà lára ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, àwọn èèyàn máa ń rìnrìn àjò lọ sí agbègbè La Rioja kí wọ́n lè tọ́ wáìnì wò nínú àwọn ilé ọtí àtayébáyé, irú bíi López de Heredia tó ti wà ní ìlú Haro láti ọdún 1877. Mo wá rò ó pé kí ló dé tí èmi náà ò fi ní rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí? Ọkọ̀ akérò ni mo wọ̀, kì í ṣe bàálù. Ibi mẹ́ta ni mo lọ.

Ifọ̀: ohun tó wà nínú igi

Oko kan lẹ́yìn ìlú Ifọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ni mo kọ́kọ́ dé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí bàbá adẹ́mu ti fi igbà kọ́ ara wọn mọ́ ọ̀pẹ, tí wọ́n ń gùn ún lọ. Èmi dúró nísàlẹ̀. Bàbá wò mí láti òkè, wọ́n ní, "Ìwé lo mọ̀ ọ́n kà, o ò mọ ọ̀pẹ gùn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ̀yin ni tíṣà mi lónìí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe lókè yẹn. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo a máa ní òdòdó akọ àti òdòdó abo. Òdòdó abo ló ń di ẹyìn tí a fi ń ṣe epo. Òdòdó akọ ni àwọn adẹ́mu tí mo bá lọ ń wá. Wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á ki ọ̀pá oparun kékeré kan bọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé akèrègbè kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń padà wá, torí ojú ibi tí wọ́n gé máa ń fẹ́ dí, wọ́n ní láti tún un gé.

Kí ló ń kán sínú akèrègbè? Oúnjẹ igi ni. Ewé ọ̀pẹ ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe ṣúgà, ṣúgà yìí ló ń bá omi ara igi ṣàn lọ síbi tí òdòdó wà. Irú ṣúgà kan náà tó wà nínú ìrèké ni, èyí tí à ń pè ní sucrose. Nínú lítà kan, ó lè tó nǹkan bíi gíráàmù 100.

Mo bẹ Bàbá kí wọ́n gba díẹ̀ fún mi tààrà láti ẹnu oparun, sínú kọ́ọ̀pù tí mo ti fi omi gbígbóná fọ̀. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, ó mọ́ gaara. Kò funfun rárá, kò hó, ó kàn dùn bí omi àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà sí ni. Ohun tó wà nínú akèrègbè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun bíi mílíìkì, ó sì ń hó. Igi kan náà ló ti wá o!

Níbo wá ni funfun yẹn ti wá? Kì í ṣe àwọ̀ igi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni. Ìwúkàrà àti bakitéríà tí wọ́n pọ̀ kọjá kíkà ló ń léfòó nínú rẹ̀, àwọn ló ń sọ ọ́ di funfun. Ẹ rántí èyí: bí ẹmu bá ti funfun, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ibafo: ohun tó wà nínú akèrègbè

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bọ́ sí ojú ọ̀nà kejì, mo lọ sí Ibafo. Ògùrọ̀ ni wọ́n ń dá níbẹ̀, létí àbàtà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ògùrọ̀ àti ọ̀pẹ. Ògùrọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Raphia hookeri máa ń tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Gbogbo oúnjẹ tó ti kó pa mọ́ fún ọjọ́ yẹn ni adẹ́mu ń gbà nígbà tó bá gé orí rẹ̀ kí òdòdó tó yọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń dá ògùrọ̀ fi ní láti jẹ́ kí àwọn kéékèèké dàgbà. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ lè máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n bá gé e jẹ́jẹ́.

Ohun kan gba àfiyèsí mi níbẹ̀. Nígbà tí adẹ́mu da ẹmu àárọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tán, kò fọ akèrègbè. Ó gbọ̀n ọ́n nù díẹ̀, ó sì gbé e kọ́ padà. Mo béèrè ìdí. Ó ní bí òun bá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, "ẹmu ò ní tètè jí."

Ṣé ẹ rí sáyẹ́ǹsì? Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ yẹn kún fún ìwúkàrà. Bí àwọn ìyá wa tó ń ṣe búrẹ́dì ṣe ń fi ìyẹ̀fun wíwú ti àná wú tòní náà ni. Ìwúkàrà tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹmu, Saccharomyces cerevisiae, ni àwọn aṣebúrẹ́dì àti àwọn apọntí bíà náà ń lò. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, ó ń ya ohun méjì jáde: álíkọ́ọ̀lù, àti gáàsì kábọ́nì dayọ́ksáìdì tó ń mú kí ẹmu máa hó. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Zymomonas mobilis ń bá a ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà. Àwọn bakitéríà mìíràn ń ṣe ásíìdì, irú èyí tó ń mú kí ògì kan.

Ẹ wá ṣírò àsìkò. Akèrègbè tí wọ́n gbé kọ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní, ti lo wákàtí 12 lórí igi. Ẹ̀kán tó kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀ ti wà pẹ̀lú ìwúkàrà ní gbogbo òru, èyí tó bọ́ kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nítorí náà, ẹmu àárọ̀ pàápàá, èyí tí a máa ń pè ní "ẹmu tútù tí ò mọ nǹkan kan," ti ní álíkọ́ọ̀lù díẹ̀ nínú kó tó kan ilẹ̀.

Mowe: ahá mẹ́ta láti inú kẹ́ẹ̀gì kan

Ní Mowe, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fàdà ti yà kúrò lára títì ńlá, mo ra ẹmu lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́mu kan tó mọ aago tí wọ́n gbé e dé. Mo jókòó ti ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ọbẹ̀ ata dúdú, mo sì tọ́ ẹmu náà wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan.

Aago mẹ́jọ àárọ̀: ó dùn, ó hó díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan rárá.

Aago kan ọ̀sán: adùn ti dín kù, ó ń ta lẹ́nu, òórùn ìwúkàrà ti jáde, foofo rẹ̀ kún ẹnu ahá. Àwọn ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kejì ní ìgbà yìí gan-an ló "gbó."

Aago méje alẹ́: adùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó le, ó sì ti ń kan.

Bí mo bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ bakitéríà mìíràn ni yóò gba iṣẹ́, àwọn Acetobacter. Àwọn wọ̀nyí ń lo afẹ́fẹ́ láti sọ álíkọ́ọ̀lù di ọtí kíkan. Ìyẹn ni pé adùn kọ́kọ́ di agbára, agbára sì di kíkan. Ní ti pH, tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan sí, omi igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sún mọ́ 7, bíi ti omi lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó lè já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún awakọ̀ tó ní omi igi lásán ni. Ẹmu tó ti gbó máa ń ní álíkọ́ọ̀lù tó nǹkan bí ìdá 3 sí 5 nínú 100. Ká mú 4. Lítà kan irú ẹmu bẹ́ẹ̀ ní mililítà 40 álíkọ́ọ̀lù nínú. Ìgò bíà ńlá jẹ́ sẹntilítà 60. Bó bá jẹ́ bíà ìdá 5 nínú 100, mililítà 30 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mu lítà kan ẹmu ọ̀sán ti mu ju ìgò bíà ńlá kan lọ, ó sì fẹ́ gun ọ̀kadà wọ títì tí tírélà ń gbà kọjá! Ọpọlọ ò mọ̀ bóyá ọ̀pẹ ni álíkọ́ọ̀lù ti wá tàbí ọkà. Ọ̀kan náà ni.

Ní ti ìyá ọlọ́mọ, álíkọ́ọ̀lù tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń wọ inú omi ọmú, ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò tán síbẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé álíkọ́ọ̀lù máa ń dí oxytocin lọ́wọ́, ìyẹn hòmóònù tó ń ti omi ọmú jáde. Ohun tí a ní kó mú ọmú wá lè mú un dín kù. Ohun tó ń mú omi ọmú pọ̀ ni kí ọmọ máa mu ún lóòrèkóòrè, kí ìyá sì máa jẹun, kó máa mu omi àti ẹ̀kọ gbígbóná. Aláboyún ní tirẹ̀, kó má fẹnu kàn án rárá.

Àwọn baba wa kò sì sọ pé ẹmu kì í ṣe ọtí. Ẹ rántí ìtàn ìṣẹ̀dá: ẹmu ló pa Ọbàtálá tó fi sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an. Títí dòní, èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olùsìn rẹ̀. Àwọn tó ni ìtàn yẹn mọ ohun tí ẹmu ń ṣe.

Kí ló dé tí ẹmu ò ṣeé tọ́jú bíi wáìnì?

Ní La Rioja, wáìnì tí wọ́n bá pè ní Gran Reserva ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú àgbá àti ìgò kí wọ́n tó tà á. Tiwa ò lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù wá. Omi èso àjàrà ti kan látìbẹ̀rẹ̀, kíkan yẹn sì ń lé ọ̀pọ̀ bakitéríà. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹmu lọ, nítorí náà álíkọ́ọ̀lù rẹ̀ lè gòkè dé ìdá 13 nínú 100. Wọ́n tún ń fi sulphite sí i, wọ́n sì ń dí i kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ẹmu kò ní ọ̀kankan nínú ààbò wọ̀nyí. Ẹmu inú ìgò tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, iná ni wọ́n fi pa ìwúkàrà inú rẹ̀, ní ọ̀nà tí Louis Pasteur là sílẹ̀ nígbà tó ń ṣèwádìí lórí wáìnì ní àwọn ọdún 1860. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó ń jẹ́ NIFOR, nítòsí Benin, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ó ṣeé mu, ṣùgbọ́n kò sí ìwúkàrà láàyè nínú rẹ̀ mọ́, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Ẹ dán an wò fúnra yín

Àkọ́kọ́, ẹ rọ ẹmu dé ìdajì ìgò, kí ẹ fi bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Láìpẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Gáàsì ìwúkàrà ni. Ìdí kan náà ni ẹ ò ṣe gbọ́dọ̀ dé ìgò ẹmu pinpin, pàápàá ìgò onígíláàsì, torí ó lè bú.

Èkejì, bí ẹ bá fura pé wọ́n ti fi omi àti saccharin bu ẹmu yín, ẹ tọ́jú díẹ̀ dalẹ́. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, kò lè jẹ saccharin. Ẹmu tó ti kan, tí adùn rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in bíi ti àárọ̀, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́mu pé, "Aago mélòó lẹ gbé e dé?" Ẹni tó bá mọ ọjà rẹ̀ yóò dáhùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ wa ọkọ̀, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dé ilé kí ẹ tó mu ún. Ẹ dẹ ọmọrí rẹ̀ díẹ̀ kó lè máa mí lọ́nà, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí kò ti ní dà nù. Bẹ́ ẹ bá délé, ó kàn lè ti le díẹ̀ sí i ni.