Òkè Ògùn, Kì Í Ṣe Òkè Ògún

Odò Ògùn, tó ṣẹ̀ nítòsí Ṣakí tó sì ṣàn lọ já sínú ọ̀sà Èkó, ló fún agbègbè Òkè Ògùn lórúkọ. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí orúkọ odò náà. Ògún, òrìṣà onírin, kò dá sí i rárá. Síbẹ̀, ẹ ó rí "Òkè-Ògún" lára pátákó, ẹ ó rí i nínú ìwé ìròyìn, ẹ ó sì rí i nínú ìwé ìtàn àròsọ tó ní ìtàn ilẹ̀ náà lòun ń sọ.

Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn alápá púpọ̀ máa ń béèrè pé ìwé wo ló yẹ kí àwọn fi ṣíde, bí àwọn bá fẹ́ máa ka ìtàn àròsọ tó dá lórí ayé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ni èsì mi, ìwé tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tó jáde lọ́dún 1969. Apá kan ṣoṣo ni, kò ní èkejì, ìyẹn sì dùn mí. Òkè Ògùn ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: àwọn ará ibẹ̀ ń sin ọba Olúmokò, ìsìn náà sú wọn, Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dìde pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá kà á nítorí ìtàn yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá kà á nítorí èdè ni yóò jẹ ẹran inú ọbẹ̀ náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo lò fún Olúmokò lẹ́ẹ̀kan yẹn. Sìn, lóhùn ìsàlẹ̀, ni kí èèyàn wà lábẹ́ ẹlòmíràn, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ olúwarẹ̀ kó tó ṣe tirẹ̀. Sin, lóhùn àárín, ni kí a gbé òkú sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá ti pàdé ọ̀rọ̀ orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín. Nítorí náà, "wọ́n sin Olúmokò" lè túmọ̀ sí pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, ó sì lè túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé e sí kòtò. Ẹ fi arọ́pò orúkọ sí i, ìyàtọ̀ á hàn: "wọ́n sìn ín" kì í ṣe "wọ́n sin ín". Nínú ìtàn ìlú tó fẹ́ yọ ọrùn kúrò nínú àjàgà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó tún ṣe pàtàkì ju èyí lọ.

Ọ̀tẹ̀ náà ní bí a ṣe ń pè é. A máa ń dìtẹ̀ mọ́ ọba: inú yàrá ni, lóru, ohùn jẹ́jẹ́. A máa ń ṣọ̀tẹ̀ sí ọba: ìyẹn ti di ojú gbangba, àdá ti jáde nínú àkọ̀. Bí gbogbo ìlú bá sì fẹnu kò pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n kọ̀ ọ́ ni. Ẹni tó bá ní àwọn ará àtijọ́ "ṣe ìwọ́de lòdì sí ọba" ti gbé oníròyìn rédíò òde òní wọnú ìtàn tí kò bá a mu.

Orúkọ ìwé náà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè Ògùn, eṣinṣin tsetse tó ń pa ẹṣin nínú igbó kò sì pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi rí ibẹ̀ gbé, tó sì fi di ohun ìjà Ọ̀yọ́. Ìgbòho wà ní Òkè Ògùn yìí, níbi tí àwọn Aláàfin ti jọba nígbà tí wọ́n kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Orompọ̀tọ̀, tí ìtàn sọ pé obìnrin ni, wà lára wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ni a sì fi ń rántí rẹ̀. Títí dòní, a ṣì ń di gàárì sílẹ̀ de ọ̀ràn, a sì ń sọ pé kí èèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tó ń sọ ọ́ kò fọwọ́ kan ìjàánu rí.

Olókùn Ẹṣin kì í ṣe ọmọ tó ń fa ẹṣin lọ jẹko. Oyè ni, ní Ọ̀yọ́ sì rèé, oyè abọ́bakú ni. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, Olókùn Ẹṣin rẹ̀, Jínádù, múra láti tẹ̀ lé e ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945. Àwọn òyìnbó dí i lọ́wọ́; ọmọ rẹ̀ ló kú dípò rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Dúró Ládiípọ̀ fi kọ Ọba Wàjà, tí Wọlé Ṣóyínká náà sì fi kọ eré tirẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Ládiípọ̀ kò pe eré rẹ̀ ní "Ọba Kú". Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni kú wá ń ṣe nínú abọ́bakú. Ẹni tó ń bá ọba lọ ló kú. Ọba ní tirẹ̀ wọ àjà ni.

Ládìgbòlù yìí kan náà ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ṣọ̀tẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1916, tí wọ́n pa Oǹjò, ọba Òkèhò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Òkèhò kúrò lórí òkè wá sí ibi tó wà báyìí. J. A. Àtàńdá kọ nípa ọ̀tẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí òpìtàn, lọ́dún 1969 tí ìwé Fálétí jáde gan-an, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí òǹkọ̀wé tó fi odindi ìtàn àròsọ alápá púpọ̀ ṣe é ní èdè Yorùbá.

Bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ dáwọ́ lé e, kó mọ̀ pé ajẹ́lẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pe Captain Ross, aṣojú ìjọba òyìnbó ní Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà tipẹ́: ajẹ́lẹ̀ ni àwọn tí Ìbàdàn fi jẹ lé Èkìtì lórí, àwọn tí ìwà wọn wà lára ohun tó bí ogun Kírìjí ní 1877. Òyìnbó kàn wá jókòó sórí àpótí tó ti wà nílẹ̀ ni. Kóòtù ti wà ní 1916, ṣílè ti wà. Ẹni tó bá kọ "DPO" ló ṣi ọ̀nà. Bó bá sì jẹ́ ayé Orompọ̀tọ̀ ni ìtàn rẹ̀, kó gbàgbé aago mẹ́sàn-án, ìyálẹ̀ta ni. Kó sì mọ̀ pé 20,000 owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan, kó má baà fi ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ra adìyẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ẹ̀ka èdè Oǹkò nílé, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí: bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn fún gàárì, ìjàánu tàbí kẹ́sẹ́ tí àwọn àgbà yín ń lò, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde.