Ọmọ tí ó ń fi ìyà jẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́, a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ìwà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà sí eré ọmọdé. Ní òpin ọdún 1982, àwọn ọmọdékùnrin mẹ́ta pa ara wọn ní ìhà àríwá ilẹ̀ Nọ́rwèy. Ìyà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń jẹ wọ́n ni a gbà pé ó sún wọn dé ibẹ̀. Ní ọdún 1983 ìjọba ilẹ̀ náà pe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láti dojú kọ ọ̀ràn yìí.

Àánú ẹni tí a ń jẹ níyà ni ó máa ń ṣe wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dan Olweus tọpa àwọn ọmọkùnrin tí a mọ̀ sí afìyàjẹni ní ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Swídìn. Kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 24, bí 60 nínú 100 wọn ni ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí. Àwọn tí a sì dá lẹ́bi nígbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó 35 sí 40 nínú 100, nígbà tí ó jẹ́ 10 péré láàárín àwọn ọmọkùnrin tí kò fìyà jẹni, tí a kò sì fìyà jẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà dán àtúnṣe wò ní ìlú Bergen, láàárín ọmọ bí 2,500, ìfìyàjẹni sì dínkù tó ìdajì láàárín ọdún méjì. Kì í ṣe ẹgba ni wọ́n lò. Wọ́n bá àwọn ọmọ kílàásì fi òfin kúkúrú lélẹ̀. Wọ́n bá afìyàjẹni àti òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbangba. Àwọn olùkọ́ sì ń dúró láàárín àwọn ọmọ ní àkókò ìsinmi, èyí tí í ṣe wákàtí gan-an tí àwa fẹ́ràn láti jókòó lábẹ́ igi. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní olùkọ́ mẹ́fà lè máa yan méjì sí pápá lójoojúmọ́.