Ẹni Tí Ọkọ̀ Gbá, Kí Ni Ẹ̀tọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ

Ní àwọn ẹ̀kọ́ tó kọjá, a ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ wa, nọ́ńbà àti ọjọ́ oṣù. Lónìí, a ó rí i pé ìmọ̀ yìí wúlò lójú títì. Ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn tó wà nísàlẹ̀ yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

1. Ìyá kan tẹ àtàǹpàkò

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ wá, tó gba Sakété, tó dé Pobẹ̀, tó sì ń lọ sí Kétu. Ọkọ̀ àjàgbé tó ru sìmẹ́ńtì láti Onígbólò ń gba ibẹ̀. Táksì ń gbà á. Zẹ́míjàn ń gbà á. Ọkọ̀ láti Nàìjíríà ń gbà á. Àwa tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí a gbé ẹrù lérí, tí a sì pọn ọmọ sẹ́yìn, a ń gbà á pẹ̀lú.

Ká ní ìyá kan ń ti ọjà Pobẹ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ru agbọ̀n tòmátì. Ọkọ̀ kan yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gbá a. Ẹsẹ̀ ìyá náà ṣẹ́. Awakọ̀ kò sá lọ. Ó gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì san owó abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ilé ìyá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n kó 30.000 fránkì sílẹ̀. Wọ́n sì mú ìwé kan jáde. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ ní: "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àtàǹpàkò síbí. Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́ láàárín ara wa. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Àwọn àgbà ilé ní ọmọlúàbí ni ọmọ náà. Ìyá tẹ àtàǹpàkò.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹsẹ̀ kò jinná. Dókítà ní egungun náà kò tò dáadáa, wọ́n ní láti tún un ṣe. Owó tó bèèrè ju 30.000 fránkì lọ fíìfíì. Nígbà náà ni ọmọ ìyá tó ń lọ sí ilé ìwé mú ìwé náà, ó kà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìyá ti gba gbogbo owó tó tọ́ sí i, kò sì ní bèèrè ohunkóhun mọ́ láéláé.

Awakọ̀ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn àgbà náà kò fẹ́ ibi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú ilé tó ka ìwé náà kí ìyá tó tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

2. Kí ni asúráǹsì?

Òfin pàṣẹ pé gbogbo ohun ìrìnnà tó ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní asúráǹsì kí ó tó rìn lójú títì. Ọkọ̀ àjàgbé wà nínú rẹ̀. Táksì wà nínú rẹ̀. Alùpùpù náà wà nínú rẹ̀.

Asúráǹsì dà bí àjọ tí a ń dá. Gbogbo àwọn tó ni ọkọ̀ ń dá owó sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan. Bí ọkọ̀ ẹnì kan nínú wọn bá ṣe ènìyàn léṣe, ilé iṣẹ́ náà ni yóò san owó fún ẹni tó fara pa. Awakọ̀ kò ní ta ilé rẹ̀. Kò ní ta oko bàbá rẹ̀. Ó ti dá owó náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ rántí èyí dáadáa. Bí ẹ bá bèèrè owó lọ́wọ́ asúráǹsì, ẹ kò bá awakọ̀ jà. Ẹ lè dárí jì í. Ẹ lè máa kí ara yín. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ní àyè tirẹ̀, ẹ̀tọ́ náà ní àyè tirẹ̀.

3. Ohun tí òfin asúráǹsì sọ

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1992, ilẹ̀ Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Láti inú àdéhùn yìí ni ìwé òfin asúráǹsì tí wọ́n ń pè ní Code CIMA ti jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 1995. Díẹ̀ nínú ohun tó sọ nìyí:

Ilé iṣẹ́ asúráǹsì gbọ́dọ̀ sọ iye tó fẹ́ san fún ẹni tó fara pa kí oṣù 12 tó pé lẹ́yìn ìjàǹbá. Bí ẹni náà bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ iye náà fún àwọn àrólé rẹ̀ kí oṣù 8 tó pé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Owó náà kì í ṣe ti oògùn nìkan. A ń ka ọjọ́ tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Bí ara kò bá lè padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́, a ń ka ìyẹn náà. A sì ń ka ìrora tí ẹ jẹ.

Ẹ lè bèèrè ẹ̀dà ìwé tí ọlọ́pàá kọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ asúráǹsì. Ẹ sì lè mú agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó mọ òfin dání nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ti bá ilé iṣẹ́ asúráǹsì fọwọ́ sí àdéhùn, tí ẹ sì wá rí i pé kò dára, ẹ ní ọjọ́ 15 láti kọ̀ ọ́. Lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ẹ ó fi kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, ó ṣòro.

4. Ọmọbìnrin kan ní ìlú Belfort

Ẹnì kan lè bèèrè pé: "Bí n kò bá lè fi hàn pé awakọ̀ ṣe àìtọ́ ńkọ́? Èmi kò mọ bí a ti ń wa ọkọ̀."

Ìdáhùn rẹ̀ ti pẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1925, ní ìlú Belfort ní ilẹ̀ Faransé, ọmọbìnrin kan ń sọdá títì. Orúkọ rẹ̀ ni Lise Jand'heur. Ọkọ̀ àjàgbé ilé ìtajà ńlá kan gbá a, ó sì ṣe é léṣe gidigidi. Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kan ní ó di dandan kó fi ẹ̀bi awakọ̀ hàn. Ìyá ọmọ kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà lọ títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1930, ilé ẹjọ́ náà dá ẹjọ́ pé ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún ohun tí ọkọ̀ náà bàjẹ́. Bí ó bá fẹ́ bọ́, òun ni yóò fi hàn pé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ ló fa ìjàǹbá. Kì í ṣe ọmọ tó fara pa ni yóò máa wá ẹ̀rí ẹ̀bi kiri.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, ẹni tó ni ewúrẹ́ ni à ń pè. A kì í ní kí olóko lọ wádìí bí okùn ewúrẹ́ ṣe já.

Ìwé òfin tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà ni wọ́n lò ní Dahomey. Òun náà la sì jogún ní ilẹ̀ Benin.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé nítorí èyí ẹ ó máa rìn láàárín títì. Ẹ rìn ní apá òsì, kí ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú. Bí ẹni tó fara pa bá ní ẹ̀bi tirẹ̀, adájọ́ lè wò ó. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè sọ fún yín pé ẹ̀bi yín ni, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

5. Ohun mẹ́fà tí a ó ṣe

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ọkọ̀ bá gbá yín, tàbí tó bá gbá ẹni yín, ẹ ṣe báyìí:

Èkíní: Ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà ọlọ́pàá ni 117. Nọ́ńbà àwọn panápaná ni 118. Ẹ má ṣe fa ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ bí ẹni fa àpò àgbàdo.

Èkejì: Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ẹ kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, tàbí kí ẹ fi èédú kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ̀kẹta: Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn jándáámù ti di ọ̀kan ṣoṣo. Police républicaine ni à ń pè wọ́n. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, bí ìrora kò tilẹ̀ pọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Pobẹ̀, ó sì wà ní Sakété. Ẹ gba ìwé dókítà. Ẹ tọ́jú gbogbo risíìtì oògùn, àní ti 200 fránkì. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan ṣoṣo.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ bèèrè ìwé asúráǹsì ọkọ̀ náà. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, àti nọ́ńbà ìwé náà.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ má ṣe tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí ẹ kò kà, tàbí tí ẹni tí ẹ fọkàn tán kò kà fún yín. Bí awakọ̀ bá fún yín ní owó oògùn, ẹ lè gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbà nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ báyìí: "Mo gba 30.000 fránkì fún owó oògùn. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí."

6. Bí ọkọ̀ bá sá lọ, tàbí tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà

Awakọ̀ tó bá gbá ènìyàn tó sì sá lọ ti rú òfin. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà gan-an. Fún ẹni tí ọkọ̀ tí a kò mọ̀ gbá, tàbí tí ọkọ̀ tí kò ní asúráǹsì gbá, àpò owó kan wà tí wọ́n ń pè ní Fonds de Garantie Automobile. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá kò bá kọ ìwé, kí ni ẹ ó fi hàn wọ́n?

Ní ti ọkọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti bá ọkọ̀ sọdá ibodè lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Kùtọnu. Láti inú rẹ̀ ni káàdì asúráǹsì aláwọ̀ ilẹ̀ ti jáde. Ọkọ̀ tó bá ní káàdì yìí ní asúráǹsì nílẹ̀ wa bí ẹni pé ó wà nílé rẹ̀. Ọ́fíìsì káàdì náà wà ní ilẹ̀ Benin, ibẹ̀ la ó sì ti bèèrè.

7. Ilé ẹjọ́ ńkọ́?

Bí asúráǹsì kò bá dáhùn, tàbí tí owó tó mú wá kéré jù, ilé ẹjọ́ wà ní Pobẹ̀. Ó wà fún àwọn ará Pobẹ̀, Sakété, Kétu, Ifangni àti Adja-Ouèrè. Bí ìjọba bá pe awakọ̀ lẹ́jọ́ nítorí pé ó ṣe yín léṣe, ẹ lè wọ inú ẹjọ́ náà láti bèèrè owó tó tọ́ sí yín. "Partie civile" ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí kò lè lọ sí ọjà mọ́, ta ni yóò bọ́ ọmọ rẹ̀?

8. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó rí lórí ìwé

Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹ kọ́ láti dá wọn mọ̀:

PROCÈS-VERBAL: ìwé tí ọlọ́pàá kọ nípa ìjàǹbá.
CERTIFICAT MÉDICAL: ìwé tí dókítà kọ nípa ara yín.
ATTESTATION D'ASSURANCE: ìwé asúráǹsì ọkọ̀.
REÇU: risíìtì.
TRANSACTION: àdéhùn láti parí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ dúró. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀.

9. Ìbéèrè

Kí ni ìyá inú ìtàn kò ṣe kí ó tó tẹ àtàǹpàkò?
Ta ni yóò san owó bí ọkọ̀ tó ní asúráǹsì bá ṣe ènìyàn léṣe?
Ọjọ́ mélòó ni ẹ ní láti kọ àdéhùn tí ẹ bá asúráǹsì ṣe?
Kí ni ilé ẹjọ́ Faransé sọ ní ọdún 1930?

10. Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ní ibi tí kò léwu. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mẹ́ta tó bá kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbólóhùn inú Ẹ̀kẹfà kọ sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi orúkọ yín àti ọjọ́ oṣù sí i. Ẹ kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé yín tí kò tíì mọ̀wé kà.